Kí Ni A Kọ Sílẹ̀ Pé Ó Pa Á?

Nígbà tí ẹnì kan bá ṣe aláìsí nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá kí ará ilé òkú ni pé, "Kí ló ṣe é?" Bí a bá fọkàn sí ìbéèrè yìí dáadáa, a óò rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi béèrè. Ẹnì kan ń béèrè orúkọ àìsàn. Ẹlòmíràn ń béèrè ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kẹta fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà tí à bá ti ṣe kí olóògbé má kú. Ìdáhùn tí a bá fún wọn ni yóò di ìtàn. Bí ọdún mẹ́wàá bá sì kọjá, ìtàn yẹn nìkan ni yóò kù nílẹ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, ìyẹn èyí tí ìjọba ń kọ sínú ìwé nígbà tí ọkọ̀ bá pa ènìyàn. Mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ìwé náà kì í sábàá rí: fóònù tó wà lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ òpópónà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí awakọ̀ ti lè gbé ojú kúrò níwájú. Ìsọ̀ ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn tó ń nájà ń sọdá níbi tó bá ti wù wọ́n. Takisí ń dúró gbérò láìṣe àmì fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kadà ń gba àárín gbogbo wọn kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta aṣọ, mo ń fi ìka ọwọ́ ka àwọn ọlọ́kadà àti onítakisí tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí wọ́n ti ń wakọ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí ìka mi fi tán. Ọ̀kan nínú wọn fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó sì gbé ìyá kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin aláṣọ náà ti ń wò mí tipẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé ìjọba ló rán yín ni?"

Síbẹ̀, bí a bá ṣí àkọsílẹ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ń to okùnfà ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, eré àsápajúdé ni a óò bá lókè téńté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìlèkápá ọkọ̀, ìwàkuwà, táyà tó bẹ́ àti bíréèkì tó já wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni a ti ń rí fóònù, pẹ̀lú iye tó kéré débi pé ẹni tó ń kánjú kàwé lè fò ó kọjá. Kí wá ni kí á gbà gbọ́? Ṣé ohun tí ojú rí ní Arákálẹ̀ ni kò tó nǹkan, àbí ìwé ni kò ríran tó?

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á rántí pé ewu ojú ọ̀nà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni wíwá ìdí ewu kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìlú Oǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, jẹ́ ìlú tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà wọ inú ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí òkè ní àkókò ogun abẹ́lé, Glover tó jẹ́ alákòóso Èkó wá ọ̀nà mìíràn gba ìhà ìlà-oòrùn: orí ọ̀sà dé agbègbè Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, láti ibẹ̀ dé Oǹdó, kí a tó forí lé Iléṣà àti Èkìtì. Ní 1872, ó rán Goldsworthy lọ kí ìjà tó ti tú Òde Oǹdó ká lè parí, kí ọ̀nà náà lè ṣeé rìn. Ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà ní ìgbà náà, kì í ṣòro láti sọ ohun tó pa á. Ogun ni, tàbí àwọn ajínigbé, tàbí àìsàn. Bó bá jẹ́ ogun, a mọ ìlú tó ti wá, a sì lè dárúkọ balógun tó kó o wá.

Mọ́tò ló da ọ̀rọ̀ yìí rú. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́lẹ̀kájà bẹ̀rẹ̀ sí kó kòkó àti èrò káàkiri agbègbè Oǹdó àti Àkúrẹ́ ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ikú tó bá wọn wá kò ní ọ̀tá tí a lè nàka sí. Irin ló ń pa ènìyàn, Ògún ló sì ni irin. Báyìí ni Ògún, òrìṣà ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ṣe di òrìṣà dírẹ́bà pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí. Ọdún Ògún lókìkí ní Oǹdó. Jacob Olupona jíròrò lé e lórí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1991 nípa àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà. Títí di òní, awakọ̀ tó ń pa ajá fún Ògún kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá.

Mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tó máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín. Èmi kì í bá wọn rín in. Bàbá tó sọ pé Ògún ló pa ọmọ òun kò sọ pé bíréèkì kò já. Ó mọ̀ pé bíréèkì já. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò. Ohun tó ń béèrè ni ìdí tí bíréèkì fi já ní ọjọ́ tí ọmọ tòun wà nínú ọkọ̀, tí kò já ní ìjẹta nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Kò sí ìwé ìjọba tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ìwé ń kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá ń sin. Ìbéèrè méjì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí a ń ṣe lórí ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni méjì tó ń dáhùn ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, tí ìkínní rò pé èkejì ń purọ́.

Ìwé ìjọba náà ní ìlò tirẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ ń kọ ọ́. Ní 1960 tí a gba òmìnira, wọ́n ka ìjàǹbá 14,130 ní gbogbo Nàìjíríà, ènìyàn 1,083 ló sì kú nínú wọn. Ní 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀, ìjàǹbá ti di 40,881, òkú ti di 6,761. Owó epo ló kó ọkọ̀ kún títì nígbà náà, ọ̀nà ọlọ́dà tuntun sì ń pe awakọ̀ sí eré. Ní àárín kan náà, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo orílẹ̀-èdè fi apá òsì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1982, ìjàǹbá dín sí 37,094, ṣùgbọ́n òkú gòkè sí 11,382.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí yìí. Ìjàǹbá dín, òkú pọ̀ sí i. Ní 1960, ìjàǹbá mẹ́tàlá ló ń ṣẹlẹ̀ kí á tó rí òkú kan. Ní 1982, bí mẹ́ta bá ti ṣẹlẹ̀, òkú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ń sáré jù, ó sì ń kó èrò jù, tó fi jẹ́ pé ìgbà tó bá dànù ó máa ń pa ọ̀pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn ti dẹ́kun fífi ìjàǹbá kéékèèké tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n má baà fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sí àgọ́, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá pa ènìyàn nìkan ló ń dé inú ìwé. Àlàyé méjèèjì ló bá nọ́ńbà náà mu. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kò lè bá wa yan èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá yàn án, ohun tó ti mọ̀ láti ibòmíràn ló fi yàn án.

Wọlé Ṣóyinká wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ní 1965 ó kọ eré oníṣe tó pè ní The Road. Ìsọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí a ti ń ta ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tó ti dànù, Ògún sì wà káàkiri inú eré náà. Nígbà tó di olùkọ́ ní Ifásitì Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ó wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, ìjọba ológun ṣe òfin nọ́ńbà 45 tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣóyinká ni alága àkọ́kọ́. Olú Agúnlóyè, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni òǹkọ̀wé yẹn ń lé kiri ní ìgbà méjèèjì: nínú eré, ó béèrè ohun tí ikú ojú ọ̀nà túmọ̀ sí, nínú iṣẹ́ ìjọba, ó béèrè iye rẹ̀ àti bí a óò ṣe dín in kù.

Àjọ náà jẹ́ kí okùnfà ní orúkọ. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Orúkọ wà fún eré àsápajúdé, orúkọ wà fún táyà tó bẹ́, fún bíréèkì tó já, fún ìyàkọjá eléwu, fún oorun, fún ọtí, fún ọ̀nà tó bàjẹ́. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó dé ibẹ̀ yóò yan orúkọ kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ohun gbogbo ti parí ni ó ń dé. Ó bá táyà tó ya, ó rí i. Ó bá àmì táyà lórí ọ̀dà, ó rí i bó ṣe gùn tó. Ó bá ọkọ̀ tó ti rún wómúwómú, ó mọ̀ pé eré kò kéré. Ọtí ń rùn. Oorun kò ṣeé rí, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó yè lè jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé oorun kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Fóònù ńkọ́? Fóònù kì í fi àpá sílẹ̀ lójú títì. Ó ti fò lọ sábẹ́ ìjókòó, tàbí ẹnì kan ti mú un. Bí awakọ̀ bá kú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá yè, ó mọ ohun tó yẹ kí òun má sọ.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí gbogbo ènìyàn lè rà bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ìjọba ní kò ju bí 400,000 lọ fún orílẹ̀-èdè tó lé ní mílíọ̀nù 100 ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní fóònù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, bí o bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan ni wọn yóò yọ. Àwọn tó kù lọ ń pe ìpè lábẹ́ agboòrùn létí títì. Nígbà tó di 2003 tí sísanwó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Fóònù di ohun tí mẹkáníìkì ní, tí alágbàfọ̀ ní, tí ọlọ́kadà ní. Ó sì di irinṣẹ́ iṣẹ́ fún awakọ̀: orí rẹ̀ ni oníbàárà ti ń pè é, orí rẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ti ń béèrè owó ọjọ́. Ẹni tó ní kí onítakisí pa fóònù, ó ní kí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Ní 2016, ìlà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 150. Ní ọdún kan náà, àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ìjàǹbá 9,694 ló ṣẹlẹ̀, ènìyàn 5,053 ló sì kú. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 1982. Nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká kankan, òkú lé ní 11,000; nígbà tí fóònù kún ọwọ́ gbogbo ayé, òkú kò tó ìdajì iye yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwàdà lè sọ pé fóònù ló gbà wá lọ́wọ́ ikú. Mo ti gbọ́ ọ rí láti ẹnu ẹni tí kò ṣe àwàdà.

Ṣùgbọ́n ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí ọdún 2016 yẹn kan náà. Iye òkú tí wọ́n dá fún Nàìjíríà nínú rẹ̀ jẹ́ 39,802. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí ìwé tiwa sọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan rìn káàkiri ka òkú ní ìlọ́po mẹ́jọ. Wọ́n fi iye ènìyàn, iye ọkọ̀, ipò ọrọ̀ ajé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣírò rẹ̀ ni, nítorí náà kò yẹ kí a di 39,802 mú bí ìgbà tí a ka owó. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí àwọn òkú tó sọnù wọ̀nyí lè wà. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lónìí tó sì kú sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìwé àgbáyé ka á mọ́ òkú ojú títì níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwé tó wà lójú títì ti kọ ọ́ sí abala àwọn tó farapa. Ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ kí ẹ̀ṣọ́ tó dé kò wọ inú ìwé rárá. Ní agbègbè wa, ìdílé kì í fẹ́ fi òkú ọ̀dọ́ sílẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà oko ni ọ̀kadà ti ṣubú, lọ́nà àwọn abúlé tó yí Oǹdó ká, ta ni yóò pe ẹ̀ṣọ́ wá?

Nítorí náà, ohun méjì ni ìwé lè pàdánù: òkú fúnra rẹ̀, àti ohun tó pa á. Èkejì ni mo mọ̀ jù, nítorí mo bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ní 2008, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. A ti kọjá Òwènà nígbà tí fóònù dírẹ́bà dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó gbé e, ó sì ń bá ẹnì kan ṣàríyànjiyàn lórí owó. Ó fi ọwọ́ kan wakọ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, gbé e sílẹ̀ ná." Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mo ti fẹ́ parí ẹ̀." Kò tíì parí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi kó sí ihò, tí ọkọ̀ yà bàrà wọ inú igbó. Ẹnikẹ́ni kò kú. Apá obìnrin kan kán, àwa yòókù fara bó. Dírẹ́bà kúnlẹ̀ sórí ewé, ó ń bẹ̀ wá. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́kọ̀ yóò gba ọkọ̀. Fóònù rẹ̀ ṣì ń dún lábẹ́ ìjókòó. Ẹnì kan tọwọ́ bọ ibẹ̀, ó pa á.

Nígbà tí ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dé, ó bi wá ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ní ihò ni. Òmíràn ní táyà náà ti gbó. Ó wá yíjú sí mi, bóyá nítorí pé mo wọ jígí, tí mo sì mú ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀yin rí?" Mo ní, "Ihò yẹn jìn." Òótọ́ ni mo sọ. Ihò náà jìn, táyà náà sì gbó. Ó kọ ọ́ bí a ti sọ ọ́, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wò mí, ó gbé ojú kúrò. Obìnrin tí apá rẹ̀ kán ni a kò bi léèrè rárá.

Mo ti rò ó títí. N kò lè sọ pé ìwà burúkú ni gbogbo wa hù níbẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ bẹ̀ wá, àṣà wa ni pé kí á gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹ̀mí kò lọ sí i. Ọ̀pọ̀ ìjà ni ẹ̀bẹ̀ ti parí nílẹ̀ Yorùbá tí ilé ẹjọ́ kò lè parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ wọ inú ìṣirò lọ́jọ́ náà. Èrò mẹ́rìnlá ni a jẹ́, a sì pa ẹnu pọ̀ gbé ìjàǹbá kan kúrò lábẹ́ fóònù, a gbé e sábẹ́ ọ̀nà tó bàjẹ́. Nígbà tí mo bá rí iye kékeré tó wà níwájú fóònù nínú ìwé, mo mọ̀ pé ohùn mi wà nínú ohun tó jẹ́ kí ó kéré.

Ní ìlú Toronto ní Kánádà, àwọn onímọ̀ méjì, Redelmeier àti Tibshirani, rí ọ̀nà kan tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́. Wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1997. Wọ́n mú awakọ̀ 699 tó ní fóònù tí ọkọ̀ wọn sì forí gbárí, wọ́n gba ìwé owó ìpè wọn, ìpè 26,798 ló sì wà nínú rẹ̀. Wọn kò fi awakọ̀ kan wé awakọ̀ mìíràn, nítorí pé ẹni tó fẹ́ràn ìpè lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn eré pẹ̀lú. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi olúkúlùkù wé. Ṣé ó wà lórí fóònù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀? Ṣé ó wà lórí rẹ̀ ní àkókò kan náà lánàá, nígbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀? Ohun tí wọ́n rí ni pé ewu ìjàǹbá ń di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí awakọ̀ bá ń lo fóònù, àti pé fóònù tí a kò fi ọwọ́ mú kò sàn ju èyí tí a fi ọwọ́ mú lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní Perth, ní Ọsirélíà, lo irú ọgbọ́n kan náà ní 2005, ìlọ́po mẹ́rin náà ni wọ́n bá.

Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ṣì ní láti dúró. Ní Amẹ́ríkà, ní 1990, ènìyàn 44,599 kú lójú títì. Ní 2009, 33,883 ni. Láàárín ọdún méjèèjì, fóònù alágbèéká gòkè láti bíi mílíọ̀nù márùn-ún dé ohun tó lé ní mílíọ̀nù 270. Bí fóònù bá ń sọ ewu di ìlọ́po mẹ́rin, níbo ni àwọn òkú náà wà? Ìdáhùn kan ni pé ohun púpọ̀ ló yí padà pọ̀: bẹ́líìtì ìjókòó, ọkọ̀ tó túbọ̀ lágbára, òfin lórí ọtí, dókítà tó ń tètè dé. Àwọn wọ̀nyí lè fa nọ́ńbà wálẹ̀ nígbà tí fóònù ń tì í sókè. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Bhargava àti Pathania, kò gba èyí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kíyè sí i pé ní ìgbà kan, ìpè máa ń di ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù ní ọjọ́ iṣẹ́, àwọn awakọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ìpè lójijì. Wọ́n wá wò bóyá ìjàǹbá náà ń gbéra ní aago mẹ́sàn-án. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọn kò rí i pé ó gbéra.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn ju bí àwọn tó ń fi í ṣe àwáwí ti bọ̀wọ̀ fún un lọ. Kò sọ pé fóònù kò léwu fún ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó béèrè pé, bí ìpè bá pọ̀ sí i díẹ̀ ní wákàtí kan, ǹjẹ́ a óò rí i nínú àpapọ̀ ìjàǹbá? Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń pe ìpè ní alẹ́ ń rọra wakọ̀, tàbí pé ìpè gba ipò rédíò àti oorun. Àwọn ti Toronto béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàbá tó ń sin ọmọ rẹ̀ àti ìwé tó ń ka òkú, àfi pé àwọn méjèèjì yìí ló ní nọ́ńbà lọ́wọ́.

Ọ̀nà Oǹdó kì í sì í ṣe ọ̀nà California. Àwáwí tó bá ṣeé gbà níbi tí títì ti dán, tí ìlà wà láàárín rẹ̀, kò ṣeé gbà níbi tí ojú awakọ̀ gbọ́dọ̀ wá ihò kí ihò tó rí i. Níhìn-ín, ọ̀nà tó bàjẹ́ àti fóònù kì í ṣe okùnfà méjì tí a óò yan ọ̀kan nínú wọn. Ihò wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́fà. Dírẹ́bà yẹn mọ̀ ọ́n, ó sì ti máa ń yà fún un lójoojúmọ́. Ìwé tó ní kí á yan orúkọ kan ṣoṣo kò ní ibi tí a lè kọ èyí sí.

Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ṣe òfin mọ nǹkan kan tí àkọsílẹ̀ kò sọ. Nínú ìwé owó ìtanràn tí àjọ náà ń lò lẹ́yìn òfin ọdún 2007, ₦3,000 ni wọ́n fi sí eré àsápajúdé tó wà lókè téńté nínú okùnfà. ₦4,000 ni wọ́n fi sí fóònù tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n lò ní Toronto wà níhìn-ín pẹ̀lú. Ìwé ìjàǹbá wà ní ilé kan, ìwé ìpè wà ní ilé mìíràn. Ní ọjọ́ tí a wọ igbó lẹ́yìn Òwènà, ilé iṣẹ́ fóònù ń yọ owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí ọ̀rọ̀ já lẹ́nu dírẹ́bà wà lọ́wọ́ wọn, àti iye ìgbà tí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tún pè, tí kò rí ẹni gbé e.